GEORGE MÜLLER: BÀBÁ ÀWỌN ỌMỌ ÒRUKÀN

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 68:5, Jákọ́bù 1:27

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa George Müller gẹ́gẹ́ bí alágbára nínú àdúrà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu kàn, òun ni a óò sì gbé yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó fún àwọn ọmọ tí Ọlọ́run fi lé e lọ́wọ́. Ó kọ́ wọn ní ìwé, ó sì rí i dájú pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

A bí Müller ní 27 Oṣù Kẹsàn-án, 1805, ní ilẹ̀ Prussia, tí ó jẹ́ apá kan Jámánì lónìí. Agbowó-orí ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà a sì máa jí nínú owó ìjọba tí ó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní alẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ìdí káàdì ni ó wà. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè tí ó jẹ tí ó sì ń sá fún.

Ní 1825, nígbà tí ó wà ní yunifásítì ní ìlú Halle, ó lọ sí ìpàdé àdúrà kan nínú ilé onígbàgbọ́ kan. Níbẹ̀ ni Olúwa ti yí ọkàn rẹ̀ padà. Ní Halle kan náà ni ilé ńlá tí August Hermann Francke dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn wà. Müller gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì gbàgbé ohun tí ó rí.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Bristol

Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1829, ó sì di olùṣọ́-àgùntàn ní ìlú Bristol ní 1832. Ní 1834, òun àti Henry Craik dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ran àwọn ilé-ìwé àti àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ àti láti pín Bíbélì. Ẹ kíyè sí i pé ilé-ìwé ni ó ṣáájú ilé ọmọ òrukàn.

Ní Oṣù Kẹrin, 1836, ó gba àwọn ọmọbìnrin sínú ilé kan tí ó háyà. Nígbà tí ó di 1870, ilé ńlá márùn-ún ni ó ti kọ́ sí Ashley Down, tí ó lè gba ọmọ 2,000. Kò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run nìkan ni ó ń sọ àìní rẹ̀ fún. Ẹni tí ó ti jí owó bàbá rẹ̀ rí wá di ẹni tí ń tẹ ìṣirò gbogbo owó tí ó gbà jáde fún aráyé.

Àwọn ọmọ náà kọ́ Bíbélì, ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò, gírámà, ìtàn àti jọ́gíráfì. Müller yan alábẹ̀wò tí ń wá dán wọn wò. Ní ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ibi ìwakùsà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe kùn pé ó ń kọ́ ọmọ òtòṣì kọjá ipò rẹ̀. Müller kò dá wọn lóhùn nípa dídín ẹ̀kọ́ náà kù. Bí ọmọkùnrin bá tó nǹkan bí ọdún 14, a ó fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọbìnrin a máa dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tòun ti Bíbélì àti aṣọ ni olúkúlùkù ń jáde.

Ní 10 Oṣù Kẹta, 1898, Müller sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 92. Àwọn ọmọ tí ó tọ́ nínú ilé wọ̀nyí tó 10,000.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ará, bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí ó ti kú wà nínú ilé yín lónìí. Ó ń jẹ, ó ń sùn, ẹ sì rò pé ẹ ti ṣe ojúṣe yín. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ tiyín bá gbé àpò ìwé ní òwúrọ̀, kí ni òun ń gbé? Ṣé igbá ọjà ni? Àwa olùkọ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó máa ń pẹ́ dé, tí kò ní ìwé, tí oorun ń kùn ní kíláàsì nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò yọ ọmọ òrukàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìjọ wa lè má lágbára láti kọ́ ilé márùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò lè ra ìwé fún ọmọ kan, kí ó sì béèrè èsì ìdánwò rẹ̀ ní òpin táàmù bí ó ti ń béèrè ti ọmọ inú rẹ̀?

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fi hàn pé Müller ka ẹ̀kọ́ ìwé sí ọ̀ràn pàtàkì?
2. Kí ni ó mú kí àwọn kan kùn sí i? Ǹjẹ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ wà láàrin wa?
3. Ọmọ òrukàn wo ni ẹ mọ̀ tí kò sí ní ilé-ìwé? Kí ni kíláàsì yìí yóò ṣe kí oṣù yìí tó parí?