Lipton: Èèyàn ni, kì í ṣe ewé

Bí ẹ bá dúró lọ́dọ̀ mai shayi etí títì láàárọ̀, tẹ́ ẹ ní kó fi Lipton po tíì fún yín, ó lè jẹ́ tíì ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá ló máa yọ nínú páálí, táá sọ sínú ife. Ẹ ò ní bá a jà. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo tíì inú àpò kékeré yẹn ni Lipton, bí gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ṣe jẹ́ Omo. Orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń mu ún ò mọ̀ pé èèyàn kan ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bàbá, ó ní ìyá, ó tajà, ó là, ó sì kú láìní ọmọ.

Thomas Lipton lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá wọn polówó tíì lónìí o. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń rìn láti oko dé ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó ń tajà ló ń là, tí ẹni tó ń já ewé ò sì là, kó lọ wo ìgbésí ayé ọkùnrin yìí.

Ìlú Glasgow, ní Scotland, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1848. Òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé 1850 ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe máa ń rí. Ọmọ Ireland làwọn òbí ẹ̀. Nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́ níbẹ̀, tí ìyàn mú, tí àwọn èèyàn ń kú bí eṣinṣin, ni wọ́n kó ẹrù wọn wá sí Glasgow. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Gorbals, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n ń ta bọ́tà, ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Kí Thomas tó di géńdé ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àti gègé, ó gé aṣọ níbi tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ló wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Glasgow sí Belfast, ó ń ṣe ìránṣẹ́ níbẹ̀. Owó tó tù jọ ló fi wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Japa lẹ máa pè é lónìí. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko tábà ní Virginia, ó ṣe akọ̀wé owó nínú oko ìrẹsì ní South Carolina, ó kiri ọjà láti ilé dé ilé ní New Orleans. Ibi tó ti wá kọ́ ohun tó sọ ọ́ di èèyàn ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní New York. Ó rí i pé àwọn ará ibẹ̀ kì í kàn kó ọjà sílẹ̀ kí wọ́n máa retí oníbàárà. Wọ́n ń tò ó kó wuni, wọ́n ń tan iná kó mọ́lẹ̀ rokoṣo, wọ́n ń kí èèyàn tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sì ń pariwo ọjà wọn nínú ìwé ìròyìn.

Ó padà sílé ní nǹkan bí 1870. Ìtàn tó máa ń sọ ni pé òun gbé àgà onímìmì kan àti ìyẹ̀fun bọ̀ fún ìyá òun, pé òun sì gbé wọn sórí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ẹ ti rí i pé ìpolówó ti wà lára ẹ̀ látilẹ̀.

Ní 1871 ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Stobcross Street. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń tajà, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn. Kì í tàwìn, owó lọ́wọ́ ni. Kì í sì í ra ọjà lọ́wọ́ aláròóbọ̀ tó bá lè yẹ̀ ẹ́: ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ireland gan-an ló ti ń lọ ra bọ́tà àti ẹyin, torí náà ọjà ẹ̀ pọ́n ju tàwọn yòókù lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Á da ẹlẹ́dẹ̀ sígboro, á fi àsíá gbé e lẹ́yìn pé ṣọ́ọ̀bù Lipton ni wọ́n ń lọ, ìgboro á dàrú, gbogbo èèyàn á máa wò. Ní 1881, ó ní kí wọ́n ṣe wàràkàṣì ràgàjì kan wá láti Amẹ́ríkà fún ọdún Kérésìmesì, ó sì ti owó wúrà bọ inú ẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ wá ra á débi pé wákàtí mélòó kan ni wọ́n fi rà á tán. Nígbà tó tún ṣe irú ẹ̀ níbòmíì, táwọn ọlọ́pàá ní owó yẹn lè há èèyàn lọ́fun, ńṣe ló sọ ìkìlọ̀ wọn di ìpolówó míì. Ká tó dé 1890, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ti tó 300 kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbà yẹn ló wá kan tíì. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ọjà tíì nígbà náà. Inú àpótí ńlá ni tíì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bù ú, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á pọ́n ọn sínú bébà. Oníbàárà ò mọ oko tó ti wá, kò mọ ìgbà tí wọ́n já a, kò sì mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Nǹkan bíi ṣílè 2 ààbọ̀ ni wọ́n ń ta páùn kan, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alágbàtà ọjà tíì ní London wá bá Lipton pé kó máa ra tiwọn. Ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé owó tó ń bọ́ sápò àwọn tó wà láàárín ti pọ̀ jù.

Lọ́dún 1890 ló wọkọ̀, ó gba Ceylon lọ, ibi tá a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí. Kọfí ni wọ́n fi mọ Ceylon tẹ́lẹ̀ o, kì í ṣe tíì. Àmọ́ láti 1869 ni àrùn kan ti ń mú ewé kọfí, ewé á pọ́n bí irin tó dípẹtà, á sì rẹ̀ dànù. Oko kọfí kú, àwọn olóko wọ gbèsè. Ọkùnrin ará Scotland kan, James Taylor, ti gbin tíì síbẹ̀ láti 1867, ó sì ti fi han gbogbo wọn pé ilẹ̀ náà gbà á. Nígbà tí Lipton fi máa dé, ilẹ̀ àwọn oníkọfí tó ti fọ́ ti di pọ̀ǹtọ̀. Ó ra oko bíi mélòó kan, Dambatenne lókè Haputale sì wà lára wọn. Títí dòní, ibi gíga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lipton's Seat, táwọn arìnrìn-àjò ń gùn lọ wo oko tíì.

Nígbà tó padà sílé, ó di tíì sínú páálí, páùn kan, ààbọ̀ páùn àti ìdá mẹ́rin páùn, ó kọ orúkọ ẹ̀ àti ìwọ̀n sára ẹ̀, ó sì ń tà á ní ṣílè 1 àti kọ́bọ̀ 7. Ó tún ń po tíì tó bá omi ìlú kọ̀ọ̀kan mu, torí omi London ò rí bíi ti Glasgow. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọn ì í sábà lè ra tíì tó dáa wá ń rí i mu lójoojúmọ́. Ìyẹn dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá sọ ohun olówó ńlá di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, ó ṣe nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn wò, iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ní fákọ́tì òfin nìyẹn. Lipton ń sọ fáyé pé láti oko òun ni tíì ti ń wọnú ife yín tààrà. Òótọ́ ni pé ó ní oko. Àmọ́ oko ẹ̀ ò lè pèsè ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo tíì tó ń tà. Ìyókù, ọjà ló ti ń rà á bíi ti gbogbo èèyàn. Kì í ṣe ewé lèèyàn ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, orúkọ àti páálí ni.

Ta ló wá ń já ewé náà? Àwọn Tamil ni, tí wọ́n ti ń kó wá láti gúúsù Íńdíà látìgbà tí kọfí ti wà níbẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń já a. Yàrá kótópó tó lẹ̀ mọ́ra wọn ni wọ́n kó wọn sí. Lábẹ́ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní tundu, òṣìṣẹ́ tó bá jẹ gbèsè lọ́dọ̀ olórí wọn ò lè kúrò lóko láìjẹ́ pé ó gba ìwé tí wọ́n kọ iye gbèsè ẹ̀ sí, kí oko tó ń lọ sì san án. Ẹni tó mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwọ̀fà máa lóye ọ̀rọ̀ yìí kíá. Ọdún 1921 ni wọ́n tó fòpin sí i. Kì í ṣe Lipton ló dá a sílẹ̀, oko ẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń lò ó, ṣùgbọ́n inú ayé yẹn ni tíì ṣílè 1 àti kọ́bọ̀ 7 ti jáde.

Owó ń wọlé, iyì náà ń wọlé. Ní 1897 ó fi £25,000 sílẹ̀ kí wọ́n fi bọ́ àwọn tálákà London nígbà àjọ̀dún Ọbabìnrin Victoria. Ní 1898 wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá, ó sì ta ìpín ilé-iṣẹ́ ẹ̀ fáráyé lọ́dún kan náà. Ó wá gbájú mọ́ eré ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló bá àwọn ará Amẹ́ríkà du ife America's Cup, láti 1899 sí 1930, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni wọ́n nà án. Inú ò bí i rí lójú èèyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ẹ̀ débi pé wọ́n dáwó ra ife wúrà fún un pé ó mọ bí a ṣe ń pàdánù. Tíì ẹ̀ ò sì yéé tà níbẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tó ní ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á wọlé àfi ní 1931, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Lójú wọn, oníṣọ́ọ̀bù ni.

Àbàwọ́n náà wà níbẹ̀. Ní 1914, ilé-ẹjọ́ ní London dá àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n fún àwọn ológun ní rìbá kí wọ́n lè máa rí iṣẹ́ oúnjẹ bárékè gbà. Wọn ò pe Lipton fúnra ẹ̀ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé-iṣẹ́ náà.

Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù October 1931. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ ẹ̀, ìlú Glasgow ló fi í sílẹ̀ fún. Orúkọ ẹ̀ ò kú ní tiẹ̀. Ó bọ́ sọ́wọ́ Unilever, nígbà tó sì di 2022, Unilever ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òwò tíì rẹ̀, Lipton wà níbẹ̀, fún ilé-iṣẹ́ olówó CVC, ní bílíọ̀nù 4.5 owó yúrò.

Àwọn tó ń já ewé ńkọ́? Ní 1948, lọ́dún tí Ceylon gbòmìnira, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ọmọ-ìlú kan. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé hàn pé wọ́n bí bàbá òun síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìlú. Ẹ sọ fún mi, níbo ni òṣìṣẹ́ oko tó ń gbé yàrá kótópó ti fẹ́ rí ìwé ìbí bàbá ẹ̀? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún àwọn Tamil tó ń roko tíì di ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ padà sí Íńdíà tí wọn ò mọ̀ rí. Ọdún 2003 ni òfin tó fún èyí tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú tó jáde. Ọdún 55 nìyẹn. Gbogbo àsìkò yẹn, tíì ń délé ayé láìyẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni pé Lipton ti pọ̀ láàárín yín. Ẹ ń ra gààrí ní Ìjẹ̀bú, ẹ ń dì í sínú ọ̀rá tó rẹwà, ẹ ń kọ orúkọ yín sí i, ẹ ń tà á lórí Instagram. Ẹ ń ṣe é fún zobo, fún oyin, fún kọfí. Ewé tíì wà ní Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba náà, ẹnì kan nínú yín lè sọ ọ́ di ńlá lọ́la. Mi ò bá yín wí. Ẹ kọ́ ìtọ́jú oníbàárà lọ́dọ̀ Lipton, ẹ kọ́ ìwọ̀n tí kò yingin, ẹ kọ́ bó ṣe ń jẹ́ kọ́jà pọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ iye tẹ́ ẹ máa tà á sára ọ̀rá, ẹ béèrè èló ló dé ọwọ́ obìnrin tó yan gààrí yẹn nídìí iná. Ẹ bá a kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo: iye owó, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí gààrí bá wọ́n. Kó ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́wọ́. Aráyé ti mọ orúkọ ẹni tó ta tíì láti bí 130 ọdún. Nínú àwọn obìnrin tó já a, ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún mi.