Henry Maudslay, Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọwọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn tourneur tí ń fi ẹ̀rọ yí irin ní Àjàṣẹ́, ẹ ti rí i pé oníṣẹ́ kì í fi ọwọ́ di ọ̀bẹ ẹ̀rọ mú. Irin ni ó di ọ̀bẹ náà mú, irin ni ó sì di iṣẹ́ mú. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í. Ọwọ́ a máa gbọ̀n, ó sì ń rẹ̀ ẹ́.

A bí Maudslay ní ọdún 1771 ní Woolwich, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọmọ ọdún 12, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ìjà ọba, ó ń rọ ẹ̀tù sínú ọta. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣùgbọ́n ilé àgbẹ̀dẹ ni ọkàn rẹ̀ wà. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó pé ọdún 18, Joseph Bramah tí ń ṣe àgádágodo pè é sí iṣẹ́.

Àgádágodo Bramah le púpọ̀. Nínú irin kékeré kan, ó ní láti la ojú tóóró mélòó kan. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun yẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò ní yí. Ta ni yóò fi ayùn ọwọ́ ṣe èyí ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kí ó má ṣì í? Maudslay ṣe ẹ̀rọ tí ẹmú rẹ̀ di irin náà mú ṣinṣin, tí ayùn sì ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní ilé ohun àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn náà ó de ọ̀bẹ mọ́ orí irin tí ń rìn gbọọrọ. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ rò ó. Vaucanson ará Faransé ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ti Maudslay lágbára, ó sì péye. Ẹ fiyè sí èyí bí ẹ bá ń gbẹ́ inú páìpù tóóró: bí ọ̀bẹ bá yọ gùn jù láti inú ohun tí ó dì í mú, yóò máa gbọ̀n bí ọ̀pá ìpẹja, ojú iṣẹ́ yóò sì rí kángunkàngun. Ẹ lo èyí tí ó nípọn jù tí ihò lè gbà, kí ó sì yọ síta níwọ̀n tí iṣẹ́ nílò nìkan.

Ọgbọ̀n ṣílè lọ́sẹ̀ ni Bramah ń san fún un. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Owó náà kò tó. Ní 1797 ó bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Bramah kọ̀, kò tilẹ̀ rọra kọ̀ ọ́. Maudslay lọ dá ilé iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀.

Níbẹ̀ ni Marc Brunel, ará Faransé, gbé iṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá: àwọn ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe kẹ̀kẹ́ okùn fún ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó fi di 1808, ẹ̀rọ wọnnì lé ní 40. Ènìyàn 10 ń ṣe iṣẹ́ tí 110 ń ṣe tẹ́lẹ̀. (Ohun tí àwọn 100 yòókù jẹ, ìwé kì í sábà sọ ọ́.)

Òtútù mú un nígbà tí ó ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1831. Àgádágodo kan tí ó bá Bramah ṣe wà ní ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú owó ńlá fún ẹni tí ó bá lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́. Ní 1851 ni ará Amẹ́ríkà kan ṣí i. Ó gbà á ní wákàtí 51.