Ansel Adams: Ayafọ́tò Tí Kò Sá fún Àríwísí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ń yẹ̀nà ni kì í mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń yẹ̀ ti wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí i. Òwe yìí bá mi wí ní ọdún tó kọjá. Mo gun Òkè Ìdànrè, mo sì fi kámẹ́rà tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ya fọ́tò àwọn àpáta ibẹ̀. Mo gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, èrò mi sì ni pé wọn yóò lò ó fún èèpo iwájú ìwé wa yìí. Olùkọ́ kan wo fọ́tò náà pẹ́ títí. Ó ní ojú ọ̀run inú rẹ̀ funfun báláú bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, pé àpáta náà dúdú kirikiri débi tí a kò fi rí ìlà ara rẹ̀, àti pé ilẹ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú bí mi. Mo kó ẹrù mi, n kò sì fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí mo ka ìtàn ìgbésí ayé Ansel Adams ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nínú ìtàn náà.

Ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 1902. Òun nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú náà ní ọdún 1906. Ọ̀kan nínú àwọn èyí tó tẹ̀lé e gbé e lu ògiri, imú rẹ̀ ṣẹ́, imú náà sì wọ́ títí ó fi kú. Ilé-ìwé kò bá a lára mu, nítorí náà bàbá rẹ̀, Charles, ń kọ́ ọ nílé. Dùùrù ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn, ó sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1916, òun àti àwọn òbí rẹ̀ lọ sí àfonífojì Yosemite, wọ́n sì fún un ní kámẹ́rà Kodak kékeré kan. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí kò padà síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 1927, òun àti Virginia Best, ẹni tó di ìyàwó rẹ̀ ní ọdún 1928, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, gun òkè lọ kọjú sí àpáta gìrìwò tí wọ́n ń pè ní Half Dome. Gíláàsì méjì péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi ya àwòrán. Ó fi awò aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó ya àkọ́kọ́. Kí ó tó ya èkejì, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí ọkàn òun rí ni àwòrán náà yóò fi hàn. Ó rí i pé kò ní rí bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀run yóò mọ́lẹ̀ jù, títóbi àpáta náà kò sì ní ba ènìyàn lẹ́rù. Ó yọ awò ìyeyè kúrò, ó fi pupa rọ́pò rẹ̀, nítorí pupa a máa sọ ojú ọ̀run aláwọ̀ aró di dúdú. Fọ́tò kejì yìí ló gbayì títí di òní. Òun fúnra rẹ̀ ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1930, ní ìlú Taos, ní New Mexico, ó pàdé Paul Strand, ògbóǹtarìgì ayafọ́tò. Négátíìfù ni Strand fi hàn án, lórí ìwé funfun lẹ́bàá fèrèsé. Adams wo bí ohun gbogbo ti mọ́ gaara nínú wọn, ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ kù sí. Orí ìwé tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun ló ti ń tẹ fọ́tò tẹ́lẹ̀. Ó pa á tì, ó mú ìwé dídán tí kì í fi àbùkù pamọ́. Ó sì pinnu pé fọ́tò ni iṣẹ́ òun, kì í ṣe dùùrù.

Ṣùgbọ́n ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọdún 1933. Ó gbé àpò fọ́tò rẹ̀ lọ sí New York, sọ́dọ̀ Alfred Stieglitz, àgbà ayafọ́tò tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Stieglitz kò fi ọ̀yàyà gbà á. Ó ní kí ó padà wá lọ́sàn-án. Nígbà tó padà dé, bàbá náà wo àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fọhùn. Ó dì wọ́n, ó tún tú wọn, ó sì tún wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn èyí ló tó yìn ín gidigidi. Ní ọdún 1936, ó pàtẹ iṣẹ́ Adams nílé ìpàtẹ rẹ̀. Olùkọ́ tó wo fọ́tò tèmi náà pẹ́ títí. N kò ka ìyẹn sí oore nígbà náà.

Ní ọdún 1932, Adams, Edward Weston, Imogen Cunningham àti àwọn mìíràn ti dá Ẹgbẹ́ f/64 sílẹ̀, wọ́n ń gbèjà fọ́tò tó mọ́ kedere. Ní nǹkan bí ọdún 1940, òun àti Fred Archer pín ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò sí ìpele 11, láti 0 tó dúdú pátápátá dé 10 tó funfun pátápátá. Ìlànà yìí wúlò fún àríwísí. Dípò kí ènìyàn kàn sọ pé fọ́tò kò dára, ó lè sọ pé òjìji àpáta bọ́ sí ìpele 1, bẹ́ẹ̀ ìpele 3 ló yẹ kó wà kí ìlà ara rẹ̀ lè hàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń tún iṣẹ́ ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1941, ó ń wakọ̀ kọjá ní abúlé Hernandez, ní New Mexico. Òṣùpá ti yọ, oòrùn tó ń wọ̀ sì tàn sára àwọn àgbélébùú funfun ní itẹ́ òkú. Ó sáré to kámẹ́rà, kò rí ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ohun tó mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ló fi ṣírò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí yà kí oòrùn tó lọ. Fọ́tò náà lókìkí, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1948, ó fi kẹ́míkà tún ìsàlẹ̀ négátíìfù náà ṣe; bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ó ń jẹ́ kí ojú ọ̀run rẹ̀ dúdú sí i.

Kì í ṣe gbogbo àríwísí ló gbà. Henri Cartier-Bresson, ará Faransé, sọ pé ayé ń dàrú, àpáta sì ni Adams ń yà. Adams kò torí èyí pa àpáta tì, nítorí ó ń fi fọ́tò rẹ̀ jà kí ìjọba lè dáàbò bo àwọn òkè àti igbó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1943, ó lọ sí àgọ́ Manzanar, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Japan wá sí nígbà ogun, ó ya fọ́tò wọn, ó sì fi ṣe ìwé ní ọdún 1944.

Láti ọdún 1955 ló ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ fọ́tò ní Yosemite lọ́dọọdún. Ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1984, ní ẹni ọdún 82. Ní ọdún 1985, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òkè kan ní Yosemite.

Èmi náà ti padà sí Ìdànrè. Mo dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run rọlẹ̀, mo tẹ́jú ilẹ̀ dáadáa, mo sì gbé fọ́tò tuntun tọ olùkọ́ náà lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó yìn mí, ó sì tún tọ́ka sí àbùkù kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ lámèyítọ́, tí a sì ń fi wo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní kíláàsì, kò yẹ kí a máa bínú nígbà tó bá kan iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó fi wíwọ́ ọ̀nà hàn wá kò dí wa lọ́nà.