Ed Roberts: Ọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà wọ inú ilé, tó tún lọ di dókítà

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ọdún 2010, dókítà kan kú nílùú Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cochran ló ti ń tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n kó tó kú, Bill Gates, ọ̀kan lára àwọn tó lówó jù láyé, ti wọ bàálù lọ kí i nílé ìwòsàn. Kí ló pa olówó ńlá àti dókítà ìlú kékeré pọ̀? Kọ̀ǹpútà ni. Henry Edward Roberts, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ed Roberts, ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Microsoft ní.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941 ni wọ́n bí i nílùú Miami. Bàbá rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ inú ilé ṣe, nọ́ọ̀sì sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló bá ọmọ náà dàgbà. Iṣẹ́ dókítà ló ní lọ́kàn nígbà tó wọ yunifásítì, àmọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tí òun náà fẹ́ràn ẹ̀rọ gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ná. Ó gbéyàwó, oyún dé, owó ò tó ná, ló bá wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ní 1962. Àwọn ológun ló rán an lọ sí yunifásítì ní Oklahoma tó ti gboyè, àwọn náà ló sì gbé e lọ sílùú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ó tún wádìí bóyá òun ṣì lè kọ́ṣẹ́ dókítà. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Ẹni ọdún 27 péré ni o.

Ní ìparí ọdún 1969, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Forrest Mims wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ MITS. Inú gáréèjì Roberts ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò fún àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ṣeré ni wọ́n ń tà, kò sì mú owó gidi wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ fi í sílẹ̀, Roberts dúró. Ní 1971, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò jáde, èyí tí oníbàárà máa gba àwọn ẹ̀yà rẹ̀ nínú páálí, tó máa wá tò ó fúnra rẹ̀. Ọjà náà tà dáadáa, àfi ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi Texas Instruments dá sí i, tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó wá di pé iye tí Roberts fi ń ra ẹ̀yà ju iye tí àwọn yẹn ń ta odidi ẹ̀rọ lọ. Ní 1974, gbèsè tó wà lọ́rùn MITS ti tó 300,000 dọ́là.

Ẹlòmíì ì bá ti ilẹ̀kùn. Roberts gba báńkì lọ, ó tún yá 65,000 dọ́là lé e. Ó sọ fún wọn pé òun máa ta kọ̀ǹpútà 800 láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ò retí ju bíi 200 lọ. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ní kọ̀ǹpútà. Ta ló ń gbé e sílé? Àmọ́ ilé iṣẹ́ Intel ti gbé chip tuntun kan jáde, 8080, tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ 360 dọ́là. Roberts ní òun máa rà á lọ́pọ̀, ó ná an títí wọ́n fi gbà á fún un ní 75 dọ́là. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó dá, ọjà tó ná yìí ló ṣe pàtàkì jù. Òun ló jẹ́ kó lè ta páálí kọ̀ǹpútà odidi ní 397 dọ́là. Orúkọ rẹ̀ ni Altair 8800.

Ìwé ìròyìn Popular Electronics gbà láti gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́ ní oṣù Kìíní 1975. Ni Roberts bá fi Altair kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí New York. Ẹrù náà sọnù sọ́nà, bó ṣe lọ nìyẹn. Kò sí àyè láti tò òmíràn, àpótí òfìfo tí wọ́n to súìṣì àti iná wínníwínní sí lójú ni wọ́n yà sínú ìwé ìròyìn náà.

Síbẹ̀, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní oṣù Kejì nìkan, iye tí àwọn èèyàn béèrè fún lé ní 1,000. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, wọ́n ti fi èyí tó ju 5,000 ránṣẹ́. Àwọn tí ara wọn ò gbà kí wọ́n dúró tiẹ̀ rìnrìn àjò lọ bá a ní Albuquerque.

Kí ni wọ́n ń rà gan-an? Ẹ̀rọ tí kò ní ojú tẹlifíṣọ̀n, tí kò ní bọ́tìnì tí wọ́n lè fi tẹ̀wé. Olúwarẹ̀ máa fi òjé lẹ ẹ̀yà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ alẹ́, lẹ́yìn náà á máa gbé súìṣì sókè sódò láti bá a sọ̀rọ̀, iná ni yóò sì fi dáhùn. Ìrántí rẹ̀ ò ju bytes 256; ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ yìí ò lè wọ ibẹ̀ tán. Tí iná bá lọ, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwọn ni. Ní oṣù Kẹta 1975, àwọn tó fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé nínú gáréèjì kan ní Menlo Park, ní California, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Homebrew Computer Club sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Steve Dompier gbé Altair rẹ̀ wá ní oṣù kejì rẹ̀, ó gbé rédíò kékeré tì í. Ẹni tó bá ti gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò rí mọ irú ariwo tó máa ń jáde. Dompier ti to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà débi pé ariwo yẹn di orin àwọn Beatles. Steve Wozniak náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ tó ṣe lẹ́yìn náà, pátákó kan ṣoṣo ni.

Paul Allen àti Gates ka ìwé ìròyìn yẹn, wọ́n sì kọ BASIC, èdè tí wọ́n lè fi bá Altair sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Pátákó ìrántí tí MITS ń tà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá rà á, BASIC máa wọ́n gógó fún un. Ibí yìí, Roberts ló jẹ̀bi. Àwọn èèyàn ra pátákó níbòmíì, wọ́n sì ń da BASIC kọ fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kejì 1976, Gates kọ lẹ́tà sí wọn pé olè ni wọ́n ń jà. Àwọn míì nínú wọn gba ọ̀nà tiwọn: wọ́n kọ Tiny BASIC, wọ́n tẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síta, Li-Chen Wang sì fi sí ara tirẹ̀ pé ẹni tó bá wù ú lè dà á kọ. Irú ọ̀nà yẹn ni Linus Torvalds gbà pẹ̀lú Linux tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ní oṣù Kejì 2012, tí wọ́n gbé pátákó Raspberry Pi jáde ní 35 dọ́là, Linux ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìrántí rẹ̀ sì fi bíi mílíọ̀nù kan ìlọ́po ju ti Altair lọ.

Ó sú Roberts. Ní 1977, ó ta MITS fún ilé iṣẹ́ Pertec ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, ó kó lọ sí Wheeler County ní Georgia, níbi tí àwọn òbí ìyá rẹ̀ ti ń dáko, ó ra ilẹ̀, òun náà sì di àgbẹ̀. Nígbà tí yunifásítì Mercer ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Macon ní 1982, Roberts wọlé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ó ti lé lógójì ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò lé e padà. Ó gboyè dókítà ní 1986, ó ṣí ilé ìtọ́jú sí Cochran, ibẹ̀ ló sì ti ń rí aláìsàn títí òtútù àyà fi dá òun náà gúnlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹni ọdún 68 ni, ó sì bí ọmọ mẹ́fà.