Louis Braille: Afọ́jú tó fi ìka ka orin

Ọdún 1809 ni wọ́n bí Louis Braille ní Coupvray, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú. Kó tó pẹ́, ojú méjèèjì fọ́. Láyé ìgbà náà, etí ni afọ́jú fi ń kọ́ dùùrù: ohun tí olùkọ́ bá tẹ̀ ló ń há sórí.

Lọ́dún 1829, Braille gbé àmì tó ń yọ sókè lórí ìwé jáde, fún ọ̀rọ̀ àti fún orin. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọwọ́ kan kà á, á fi èkejì tẹ dùùrù, díẹ̀díẹ̀, títí á fi há a sórí.

Braille fúnra rẹ̀ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Paris. Ó kú lọ́dún 1852. Títí dòní, afọ́jú tó mọ àmì rẹ̀ lè kọ́ orin tuntun láìdúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún un gbọ́.