Jefferson Burdick

Jefferson R. Burdick (1900 – 13 Oṣù Kẹta 1963) jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí bàbá àwọn akójọ káàdì. Òun ni ó ṣe ètò lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá àwọn káàdì àtijọ́ mọ̀ títí di òní, pàápàá àwọn tí ó ní àwòrán àwọn eléré baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Ètò yìí ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń wá káàdì àṣìtẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí káàdì ṣe yẹ kí ó rí kò lè mọ èyí tí àṣìṣe wà lára rẹ̀.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Wọ́n bí Burdick ní Central Square ní ìpínlẹ̀ New York. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Syracuse, ó sì ṣiṣẹ́ ní Crouse-Hinds, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò iná mànàmáná ní ìlú Syracuse. Kò gbéyàwó. Làkúrègbé bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì sọ oríkèé ọwọ́ rẹ̀ di líle.

Ìwé àkójọ káàdì

Ní ọdún 1939, ó tẹ ìwé àkójọ rẹ̀ jáde, èyí tí ó wá di The American Card Catalog. Nínú rẹ̀, N dúró fún káàdì sìgá ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, T sì dúró fún ti ogún. Ibẹ̀ ni orúkọ T206 ti wá, ìyẹn àwọn káàdì tí American Tobacco Company ń fi sínú páálí sìgá láàárín ọdún 1909 sí 1911.

Àṣìtẹ̀ àti ìtẹ̀wò

Àwọn àṣìtẹ̀ tí ó lókìkí wà nínú T206. Wọ́n ṣi orúkọ Sherry Magee kọ sí Magie. Wọ́n tún kọ ọ́ sára káàdì Joe Doyle pé ó wà ní National League, bẹ́ẹ̀ American League ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n tún méjèèjì ṣe, ìdí nìyí tí èyí tí ó ní àṣìṣe fi ṣọ̀wọ́n. Káàdì Honus Wagner ní tirẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi dá títẹ̀ rẹ̀ dúró. Ìtẹ̀wò rẹ̀ kan ṣì wà, lórí ìrépé bébà kan pẹ̀lú eléré mẹ́rin mìíràn, tí wọn kò gé sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀bùn àti ikú rẹ̀

Láti ọdún 1947 ni Burdick ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkójọ rẹ̀ ta Metropolitan Museum of Art ní ìlú New York lọ́rẹ. Ó lé ní 300,000 bébà àti káàdì, nǹkan bí 30,000 nínú wọn sì jẹ́ ti baseball. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń to wọ́n, tí ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń burú sí i. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 10 Oṣù Kínní 1963. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ó kú.

Ní ọdún 2022, wọ́n ta káàdì Wagner kan ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là. Èyí tí Burdick ní kò sí lórí àtẹ; ó wà ní Metropolitan Museum of Art pẹ̀lú àwọn yòókù.