Kenneth Murray

Kenneth Crosthwaite Murray (tí ó kú ní ọdún 1972) jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba yàn láti máa bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà. Ìgbà tí ó wà ní ipò yìí ni wọ́n dá mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìlú Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ọdún 1945. Púpọ̀ nínú àwọn ère àti agọ̀ tí mùsíọ́mù Oníkan ní ìlú Èkó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957 ni ó jẹ́ pé òun ni ó kó wọn jọ.

Iṣẹ́ olùkọ́

Kí Murray tó dé, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó ní àwòrán yíyà. Onabolu ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sí ilé ìwé gbogbo, kí wọ́n sì wá olùkọ́ mìíràn tí yóò bá òun fi ọwọ́ sí i. Murray ni olùkọ́ náà. Ó dé ní ọdún 1927.

Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò papọ̀. Onabolu, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ àwòrán yà gẹ́gẹ́ bí àwọn Òyìnbó ṣe ń yà á, kí ojú tí a yà sì jọ ojú ẹni tí a ń wò. Murray, tí ó jẹ́ Òyìnbó, ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ọwọ́ agbẹ́gilére, amọ̀kòkò àti ahunṣọ ìlú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ yóò rántí pé Onabolu ń jà láti fi hàn pé kò sí ohun tí Òyìnbó mọ̀ tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò lè mọ̀. Murray kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ láti jà.

Murray kọ́ni ní Ìbàdàn àti ní Umuahia. Ní ọdún 1937, ó kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ: Ben Enwonwu, C. C. Ibeto, D. L. K. Nnachy, A. P. Umana àti Uthman Ibrahim. Enwonwu ni orúkọ rẹ̀ wá kàn kárí ayé jù nínú wọn.

Bí ó ṣe di ẹni tí ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ

Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ó sọ ọ́ di olùkójọ. Àwọn ohun tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wò kí wọ́n lè kọ́ ọgbọ́n ń pòórá níṣojú rẹ̀. Ikán ń jẹ ère, òjò ń pa agọ̀, àwọn tí wọ́n gba ẹ̀sìn tuntun ń dáná sun ohun tí àwọn bàbá wọn ń bọ, àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń ra èyí tí ó kù lọ sí òkè òkun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, ó ń ya fọ́tò, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe ère, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ẹni tí ó ni ín.

Ẹni tí ń kó nǹkan jọ máa ń wá ojúlówó, èyí tí ọwọ́ oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ kàn. Lónìí, àwọn tí ń kó ìwé àwòrán akọni àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ń náwó gọbọi lórí bébà tí ayàwòrán fi gègé yà kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ohun tí ó yà Murray sọ́tọ̀ ni pé kì í ṣe inú ilé rẹ̀ ni ó fẹ́ kí ojúlówó náà wà. Ó rà nínú wọn pẹ̀lú owó ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ibi tí wọ́n ti ṣe ohun kan, tàbí ibi tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, ni ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń walẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò ní ìlú. Ọ̀kan dé British Museum, ó sì wà níbẹ̀ di òní. William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, gbé méjì lọ, ó sì dá wọn padà ní ọdún 1950. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ṣe òfin lórí kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Murray àti E. H. Duckworth, olóòtú ìwé ìròyìn Nigeria, kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n sì ń rọ àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 1943, ìjọba yàn án sí ipò alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Èsìẹ́

Nínú igbó kan ní ẹ̀yìn ìlú Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ni àwọn ère òkúta kan wà tí iye wọn ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òkúta rírọ̀ tí ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn kan mú ọ̀bẹ tàbí àdá dání, ilà wà lójú àwọn mìíràn, irun orí wọn sì jẹ́ ohun àrà. Òmíràn kéré débi pé ọwọ́ kan gbà á, òmíràn sì ga ju mítà kan lọ. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé iṣẹ́ náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 1100. Ẹni tí ó gbẹ́ wọn kò sí nínú ìtàn. Àwọn ará Èsìẹ́ sọ pé àwọn baba ńlá àwọn bá wọn níbẹ̀ ni, pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ìwé fún ìjọ CMS, rí wọn, ó sì jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́. F. de F. Daniel kọ nípa wọn ní ọdún 1937. J. D. Clarke, tí ń darí ilé ìwé ìjọba ní Òmù-Àrán, kọ tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nigeria ní ọdún 1938. Òkìkí yìí mú èrè àti ewu wá pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti kán, orí òkúta sì rọrùn láti fi sínú àpò ju odindi ère lọ.

Ọ̀nà méjì ni ó wà nílẹ̀: kí wọ́n kó wọn lọ sí ìlú ńlá tí ẹ̀ṣọ́ wà, tàbí kí wọ́n wá ẹ̀ṣọ́ sí Èsìẹ́. Èkejì ni wọ́n yàn. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà ní Èsìẹ́ ní ọdún 1945, bẹ́ẹ̀ ni ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ṣe ní mùsíọ́mù ṣáájú Èkó, ṣáájú Jos, ṣáájú Ilé-Ifẹ̀. Ìpinnu náà bá ìgbàgbọ́ Murray mu pátápátá.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré ni ó yí padà. Ère tí ó wà nínú igbó jẹ́ ti àwọn tí ń bọ ọ́. Ère tí ó wà nínú ilé ìjọba ní òṣìṣẹ́, ó ní nọ́ńbà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sì lè wọlé wá wò ó. Àwọn ará Èsìẹ́ kò jáwọ́ nínú ọdún náà, àwọn ère náà sì wá ní olúwa méjì láti ìgbà náà wá. Ẹni tí ó bá ń yin Murray ní láti ka èyí mọ́ ọn pẹ̀lú.

Òfin àti mùsíọ́mù

Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1953 ni ó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bernard Fagg, tí ó ti darapọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1947, ni ó dá mùsíọ́mù Jos sílẹ̀ ní ọdún 1952, òun náà ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Murray fẹ̀yìn tì ní ọdún 1957. Murray tún padà sí ipò náà fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn ọdún 1960.

Ohun tí ó bá a lọ́kàn jẹ́ jù ṣẹlẹ̀ ní Oron, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni ó ti rí àwọn ère àwọn baba ńlá tí wọ́n ń pè ní ekpu, ó kọ nípa wọn ní ọdún 1947, a sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sínú mùsíọ́mù kan tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì kan mùsíọ́mù náà. Nígbà tí ogun parí, díẹ̀ ni a rí nínú àwọn ère náà. Ìlànà pé kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà nítòsí ilé rẹ̀ ti gba Èsìẹ́ là. Ní Oron, ilé náà gan-an ni ogun bá wọn.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Murray kò padà lọ gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní Nàìjíríà ní ọdún 1972. Nígbà náà, Ekpo Eyo, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ipò ọ̀gá àgbà, ti ń darí iṣẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní Èsìẹ́, Phillips Stevens láti Amẹ́ríkà ka àwọn ère náà, ó tò wọ́n, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1978. Ewu olè kò tíì tán: ní ọdún 2000, àjọ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, ICOM, fi ère Èsìẹ́ sínú ìwé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí àwọn onífàyàwọ́ ń lé kiri. Àwọn fọ́tò àti àkọsílẹ̀ tí Murray kó jọ fún nǹkan bí ogójì ọdún wà ní mùsíọ́mù Oníkan, àwọn olùwádìí sì ń lò wọ́n láti mọ ìlú tí ère kan ti wá.